Iná Tí Ẹnikẹ́ni Kò Dá

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, mo mọ̀ pé ìwàásù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò máa retí lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìwàásù ni iṣẹ́ mi lójoojúmọ́. Ní tòní, mo fẹ́ san gbèsè kan tí mo jẹ olùkọ́ tí ó kọ́ wa ní físíìsì ní kíláàsì kẹrin, ẹni tí ó ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Olúwa. Ó kọ́ mi ní ohun kan, mo sì pa á mọ́ sínú ní ọjọ́ tí ẹlòmíràn nílò rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀

Ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 1993 sí 1998, ní ọ̀kan nínú àwọn àsìkò tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú ní orílẹ̀-èdè yìí. Òjíṣẹ́ ni mí nígbà náà ní ìlú kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ìjọ wa tí ń ta epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń ṣe láti fi wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gidigidi, ó gbé kẹ́ẹ̀gì oníke kan ka orí pátákó gbígbẹ. Ó ki àrọ onírin bọ ẹnu kẹ́ẹ̀gì náà, ó ta aṣọ sí ẹnu àrọ kí ó lè fi sẹ́ ìdọ̀tí inú epo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí da epo láti òkè. Kò sí ẹni tí ń mu sìgá nítòsí. Kò sí ẹni tí ó ṣáná. Bí kẹ́ẹ̀gì ti ń kún bọ̀, ó na ọwọ́ láti yọ àrọ, iná sì sọ. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì àti àyà rẹ̀ jóná.

Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú iná náà, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí àti ìyàwó bàbá rẹ̀ ti jọ ṣe gbólóhùn asọ̀ nípa owó. Obìnrin náà ti fi ìbínú sọ pé owó òun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ṣe é lóore. Àwọn ènìyàn wá ń wí pé iná tí ẹnikẹ́ni kò dá, ẹnìkan ni ó rán an. Òwe àwọn àgbà sì ti wà nílẹ̀ fún wọn: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Wọ́n kó ẹrù obìnrin náà síta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bá mi: "Bàbá Àlùfáà, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó rán iná yìí."

Mo gbàdúrà ìwòsàn fún ọmọ náà. Ní ti obìnrin náà, mo dákẹ́. Ní inú mi lọ́hùn-ún, mo ń rántí ẹ̀kọ́ kíláàsì kẹrin, ṣùgbọ́n kò yé mi tó láti fi dúró níwájú ẹbí tí inú ń bí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni obìnrin náà fi sun ilé ẹni ẹlẹ́ni kí n tó lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé, kí n sì la ẹnu mi. Àlàyé tí mo ṣe fún ẹbí náà nígbẹ̀yìn ni mo fẹ́ ṣe fún yín níhìn-ín, pẹ̀lú ohun tí mo ti kà kún un láti ìgbà náà wá.

Akọ iná àti abo iná

Ẹ rántí yàrá ìsùn wa nígbà ọyẹ́. Bí a bá ń bọ́ súwẹ́tà gba orí nínú òkùnkùn, a ó gbọ́ ìró "tá-tá-tá", a ó sì rí iná tíńtínní tí ń ṣẹ́jú lára aṣọ. Àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní a máa kígbe. Olùkọ́ wa kò rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kò nà wọ́n. Ó mú bírò kan, ó fi ra irun orí rẹ̀, ó sì fi bírò náà gbé bébà wẹ́wẹ́ sókè láìfi lẹ́ẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Ó ní ohun kan náà ni.

Gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, ìbáà ṣe irun, omi, epo tàbí ara wa, ni ó ní oríṣi iná méjì nínú. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n ní akọ iná àti abo iná. Àwọn olùkọ́ wa a máa fi àmì àròpọ̀ kọ ọ̀kan, wọn a sì fi àmì àyọkúrò kọ èkejì. Nítorí pé àwọn méjèèjì dọ́gba nínú ohun gbogbo, a kì í mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohun méjì bá fara kan ara wọn tí wọ́n sì tún pínyà, díẹ̀ nínú abo iná, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù, lè ṣí kúrò lára ọ̀kan bọ́ sára èkejì. Ọ̀kan di aláìní, èkejì di alápọ̀jù. Láti ìgbà náà, akọ yóò máa fa abo, akọ yóò máa lé akọ, abo yóò sì máa lé abo. Ohun tí ó ti pínyà ń wá ọ̀nà láti padà dọ́gba.

Ní ìgbà òjò, ọ̀nà náà kò ṣòro láti rí. Ọ̀rinrin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lára ohun gbogbo, iná tí ó pọ̀jù a sì gba ara rẹ̀ ṣàn lọ sínú ilẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ìgbà ọyẹ́, ohun gbogbo ti gbẹ. Iná kò rí ọ̀nà gbà, ó ń kóra jọ síbi tí ó wà títí yóò fi fo inú afẹ́fẹ́ kọjá lójijì. Fífò yẹn ni ìró tí a ń gbọ́ lára súwẹ́tà. Òun kan náà ni mànàmáná ojú ọ̀run. Títóbi ni ó fi tóbi jù ú lọ.

Nígbà tí omi bá fọ́

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ohun olómi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí omi tàbí epo bá fọ́ sí ẹ̀kán wẹ́wẹ́, tàbí tí ó bá gba ojú aṣọ tí a fi ń sẹ́ ǹkan kọjá, ìfarakanra àti ìpínyà ti ṣẹlẹ̀ lọ́nà àìníye, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sì lè gbé akọ iná tàbí abo iná tí ó pọ̀jù lọ.

Ní ọdún 1892, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Jámánì tí ń jẹ́ Philipp Lenard kọ̀wé lórí iná tí ó wà nínú omi tí ń já láti orí àpáta. Àwọn ènìyàn ti ṣàkíyèsí pé afẹ́fẹ́ tí ó yí irú omi bẹ́ẹ̀ ká kún fún abo iná. Lenard fi hàn pé níbi tí omi ti ń bọ́ lu àpáta tí ó sì ń fọ́ ni iná ti ń pínyà: afẹ́fẹ́ àti kùrukùru wẹ́wẹ́ gbé abo lọ, omi tí ó kù nílẹ̀ sì di akọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa rìnrìn-àjò lọ sí omi Òwu, ní ẹ̀gbẹ́ Ọ̀wá-Kájọlà ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa níhìn-ín, ẹ rántí kùrukùru tútù tí ń fọ́n sí wa lójú láti ìsàlẹ̀ àpáta gíga yẹn. Inú irú kùrukùru bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń lọ láìdáwọ́ dúró. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí ibi gbangba ni, ibẹ̀ tutù, kò sì sí ohun tí ó lè gbiná.

Lẹ́yìn Lenard, Robert Millikan ní ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọ́n òróró sínú àpótí kan láti ọdún 1909, ó sì ń fi awò wo ẹ̀kán kan ṣoṣo bí ó ti ń rọra bọ̀ nílẹ̀. Fífọ́n tí ó fọ́n òróró náà nìkan ti tó láti fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kán ní iná. Nígbà tí ó bá sì fẹ́ kí iye iná ara ẹ̀kán yí padà, kì í fọwọ́ kàn án. Afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká ni yóò tan ìtànṣán X-ray sí, iye iná ara ẹ̀kán náà a sì yí padà fúnra rẹ̀. Ó rí i pé ìyípadà náà kì í ṣe gbẹ̀fẹ́: odidi kan, odidi méjì, odidi mẹ́ta ni, kò sí ààbọ̀. Bí ó ṣe mọ ìwọ̀n iná ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù kan nìyẹn, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1923. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí a tan ìtànṣán sí yìí sọ́kàn. A ó padà sórí rẹ̀.

Ọkọ̀ mẹ́ta nínú oṣù kan

Ìtàn tí ó jẹ́ kí n ní ìgboyà láti dúró níwájú ẹbí yẹn ni ti oṣù Kejìlá ọdún 1969. Ọkọ̀ ojú omi agbépo ńláńlá mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gbé nǹkan bí 200,000 tọ́ọ̀nù epo, bú gbàmù láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta síra wọn. Marpessa bú gbàmù ní etí òkun wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níwájú ìlú Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì rì. Ọkọ̀ tuntun ni, ìrìn-àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó sì wà. Ti Mactra ṣẹlẹ̀ láàárín Mòsáńbíìkì àti Madagásíkà. Ẹ̀kẹta ni Kong Haakon VII, ọkọ̀ àwọn ará Norway, ní etí òkun Áfíríkà bákan náà. Ẹ̀mí ènìyàn ṣòfò.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti já epo wọn, wọ́n ń padà lọ láti tún gbé òmíràn, àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì ń fọ inú àgbá epo tí ó ti ṣófo. Àgbá epo ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tóbi ju gbọ̀ngàn ìjọsìn lọ. Ẹ̀rọ ni ó ń fi agbára tú omi lu ògiri rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ṣáná nínú àgbá. Àwọn olùwádìí gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé omi tí ń fọ́ lára ògiri ń di kùrukùru tí ó kún fún iná, gẹ́gẹ́ bí ti ìsàlẹ̀ àpáta. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé inú àgbá tí a dé ni kùrukùru yìí wà, òórùn epo sì kún ibẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìdì omi kan bá já láti òkè gba àárín kùrukùru náà, yóò kó iná jọ sára bí ó ti ń bọ̀. Bí ó bá dé ẹ̀gbẹ́ irin, iná náà lè fò. Ìṣẹ́jú kan péré ojú ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Kùrukùru náà kì í sì í tètè lọ. Ẹ̀kán rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè léfòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ìdí nìyí tí ìlànà iṣẹ́ ọkọ̀ agbépo fi sọ pé, nínú àgbá tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ̀pá ìwọn onírin kalẹ̀ sínú rẹ̀ títí wákàtí 5 yóò fi kọjá lẹ́yìn fífọ̀, ṣùgbọ́n àkókò náà lè dín kù bí ẹ̀rọ bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró.

Ohun tí ń tu ẹ̀kán lára

Báwo ni a ṣe lè gba iná kúrò lára ẹ̀kán tí ó wà nínú afẹ́fẹ́? A kò lè so okùn mọ́ ọn lọ sínú ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ kì í sì í gbé iná. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú àpótí Millikan: bí ẹ̀kán kò bá lè wá bá ilẹ̀, a ó rán ohun tí ó ṣaláìní lọ bá a nínú afẹ́fẹ́. Orúkọ ìránṣẹ́ náà ni áyọ́nù.

Áyọ́nù ni átọ́mù, tàbí ìdìpọ̀ átọ́mù díẹ̀, tí ó ti sọ ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù kan nù tàbí tí ó ti gba ọ̀kan kún tirẹ̀. Èyí tí ó sọ nù di akọ, èyí tí ó gbà di abo. Ó kéré púpọ̀ sí ẹ̀kán omi, ó sì yára. Bí a bá fi akọ àti abo áyọ́nù kún afẹ́fẹ́ tí ẹ̀kán wà nínú rẹ̀, ẹ̀kán tí ó ní abo iná ní àníjù yóò fa akọ áyọ́nù mọ́ra, yóò sì lé abo sẹ́yìn. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa gbà wọ́n títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ó bá ti dọ́gba, kò ní fa èyíkéyìí ju èkejì lọ mọ́. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a rán akọ àti abo papọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni a rán, a lè rán an ju bí ó ti yẹ lọ, kí a sì sọ ẹni tí ń ṣàìsàn abo di ẹni tí ń ṣàìsàn akọ. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá wà ní àyíká rẹ̀, ẹ̀kán fúnra rẹ̀ ni yóò ṣa èyí tí ó nílò. Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀kán yóò di òfo pátápátá: ẹlòmíràn yóò ní ẹyọ kan lé, ẹlòmíràn yóò ní ẹyọ kan dín, ṣùgbọ́n àpapọ̀ wọn kò ní lágbára láti fò mọ́.

Áyọ́nù kékeré wà nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí yìí náà. Ìtànṣán tí ń ti òfuurufú wá àti èéfín aláìlóòórùn tí ń jáde lára òkúta inú ilẹ̀ ni ó ń dá wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀: ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni ó wà nínú ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí kò ju orí ìka lọ. Ìṣẹ́jú púpọ̀ ni wọ́n máa ń gbà kí wọ́n tó tu ẹ̀kán lára. Bí a bá fẹ́ kí ó yá, àfi kí a dá wọn sí i. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni ìtànṣán X-ray. Èkejì ni ohun tí ń tan ìtànṣán fúnra rẹ̀, bí polonium-210, tí agbára rẹ̀ ń dín sí ìdajì ní nǹkan bí ọjọ́ 138, tí a fi ní láti máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni abẹ́rẹ́ ṣónṣó tí a fi iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt sí. Iná kì í fẹ́ dúró ní orí ohun tí ó ṣónṣó, ó ń já bọ́ sínú afẹ́fẹ́, ó sì ń dá áyọ́nù sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ilé-iṣẹ́ aṣọ àti ti ike ń lo irú ọ̀pá oníṣónṣó bẹ́ẹ̀ kí bébà, òwú àti ike má baà lẹ̀ mọ́ra tàbí kí ó máa ta iná.

Ọ̀rẹ́ ni iná ara ẹ̀kán nígbà mìíràn

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀tá ni iná ara ẹ̀kán ní ìgbà gbogbo. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Ronald Coffee ti ilé-iṣẹ́ ICI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀rọ afínkòkòrò kan tí wọ́n pè ní Electrodyn. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ni ó ń lò, wọ́n sì ń sọ agbára rẹ̀ di ohun tí ó ju 20,000 volt lọ. Iná yìí nìkan ni ó ń fọ́ oògùn sí ẹ̀kán wẹ́wẹ́, láìsí pé à ń fi ọwọ́ fún un. Nítorí pé ẹ̀kán náà ní iná, ewéko tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ ń fà á mọ́ra, ó sì ń lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ewé níbi tí kòkòrò máa ń sá pamọ́ sí. Wọ́n lò ó lórí òwú ní Áfíríkà, wọ́n sì dán an wò lórí ẹ̀wà ní orílẹ̀-èdè wa. Ẹni tí ó bá ti fi ẹ̀rọ ìfínkòkòrò tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ṣiṣẹ́ nínú oko ẹ̀wà tàbí kajú mọ iye omi tí ó ń rù kiri. Ẹ̀rọ yìí kò nílò omi rárá.

Ṣùgbọ́n áyọ́nù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, a kò sì ránṣẹ́ pè é. Ṣónṣó ewé dà bí abẹ́rẹ́. Bí kùrukùru oníná bá sún mọ́ ọn, ilẹ̀ yóò gba ara ewé fi irú iná kejì ránṣẹ́ sókè, ṣónṣó ewé yóò sì tú áyọ́nù sínú afẹ́fẹ́ láti pàdé ẹ̀kán, yóò sì gba díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ kí ó tó dé.

Lẹ́yìn ìgbà náà, Coffee yìí kan náà lo ìmọ̀ yìí fún oògùn tí a ń fà sí imú. Ẹ̀kán oògùn tí ó ní iná kì í dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun ni yóò ti lẹ̀ mọ́. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ kan yóò fọ́n ẹ̀kán pẹ̀lú irú iná kan, ṣónṣó kejì yóò tú áyọ́nù irú kejì sílẹ̀, àwọn méjèèjì yóò pàdé nínú afẹ́fẹ́, aláìsàn yóò sì fa kùrukùru tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ sínú. Ó gbọ́dọ̀ yá pẹ̀lú. Láti ọdún 1882 ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Lord Rayleigh, ti ṣírò rẹ̀ pé bí ẹ̀kán oníná bá ń gbẹ tí ó sì ń kéré sí i, ìgbà kan ń bọ̀ tí iná inú rẹ̀ yóò lágbára ju awọ ara rẹ̀ lọ, yóò sì fọ́. Àfi kí áyọ́nù dé kí àkókò náà tó pé.

Àwa ńkọ́?

Ẹnìkan lè béèrè pé: kí ló dé tí wọn kò fi áyọ́nù kún àgbá ọkọ̀ agbépo? Ẹni tí ó bá gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt wọ ibi tí òórùn epo wà ti gbé iná tí ó ń sá fún wọlé. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Wọn kò lè dá kùrukùru dúró, nítorí náà wọ́n mú ohun tí iná ń jẹ kúrò. Wọ́n ń fọ èéfín ẹ̀rọ ọkọ̀, wọ́n ń mú un tutù, wọ́n sì ń fi kún àgbá títí ọ́síjìn inú rẹ̀ kò fi ní ju 8 nínú 100 lọ, dípò 21 tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ wa. Àdéhùn àgbáyé ọdún 1974 lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, pẹ̀lú àfikún rẹ̀ ti ọdún 1978, sọ ọ́ di òfin fún àwọn ọkọ̀ agbépo ńlá.

Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní ìlú wa, a kò ní èéfín tí a fọ̀, a kò sì ní ọ̀pá oníṣónṣó. Ilẹ̀ ni a ní, ó sì tó. Ẹ jẹ́ kí a padà wo ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ṣe. Epo gba ojú aṣọ kọjá, iná pínyà. Ó ń já láti òkè, ó ń fọ́ sí ẹ̀kán. Àrọ onírin kó iná náà jọ, ṣùgbọ́n inú ike ni ó dúró sí, ike sì wà lórí pátákó gbígbẹ. Iná kò rí ọ̀nà lọ sínú ilẹ̀. Òórùn epo sì ti yí ẹnu kẹ́ẹ̀gì ká; bí ó bá wà láàárín nǹkan bí 1.4 sí 7.6 nínú 100 ìwọ̀n afẹ́fẹ́, ìtapá tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí ti tó láti ràn án. Nígbà tí ó na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀nà àkọ́kọ́ tí iná rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì ka ilẹ̀ kí ẹ tó da epo sí i. Ẹ má ṣe rọ epo sínú rẹ̀ nígbà tí ó wà nínú búùtù mọ́tò tàbí lórí ike àti pátákó. Ẹ má ṣe fi àrọ onírin sínú kẹ́ẹ̀gì oníke. Ẹ má ṣe fi aṣọ sẹ́ epo. Ẹ rọra dà á, kí ẹnu ohun tí ẹ fi ń dà á wà nítòsí ìsàlẹ̀, kí ó má fọ́n. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun tí ó jẹ mọ́ epo ní ìgbà ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan irin tí ó kan ilẹ̀, ní ibi tí ó jìnnà sí epo náà.

N kò lè gbé ọwọ́ lé Bíbélì búra nípa ohun tí ojú mi kò tó. Ṣùgbọ́n mo ka ìtàn ọkọ̀ mẹ́ta yẹn fún ẹbí náà ní pálọ̀ wọn, mo sì fi bírò àti bébà ṣe ohun tí olùkọ́ wa ṣe. Mo bi wọ́n pé: ìyàwó bàbá ta ni ó bá àwọn ọkọ̀ mẹ́ta wọ̀nyẹn jà lójú òkun? Bàbá wọn tẹ orí ba fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, pẹ̀lú báńdéèjì ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Ẹ lọ mú Màámi wá sílé." Obìnrin náà padà ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e. Ó dárí jì wọ́n. Ó dárí jì mí pẹ̀lú, nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún un pé oṣù mẹ́ta ni mo fi mọ ohun tí mo lè sọ tí n kò sọ ọ́.

Òwe àwọn àgbà sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Òótọ́ ni pé ohun méjèèjì ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n pé ohun kan tẹ̀lé òmíràn kò sọ ọ́ di ọmọ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ni ilé-ìwé wa fi fún wa nígbà tí ó kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì lábẹ́ òrùlé kan náà tí a ti ń kọ orin ìyìn. Bí a ti ń kó owó jọ ní ọdún ayẹyẹ yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì, kí ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kẹrin lónìí lè rí iná tíńtínní náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, kí ó mọ orúkọ rẹ̀, kí ó sì lè sọ̀rọ̀ kíákíá ju bí mo ti sọ ọ́ lọ ní ọjọ́ tí wọn yóò kó ẹrù aláìṣẹ̀ síta.

Kí Olúwa bù kún ilé-ìwé wa, kí ó sì mú wa rí ọdún mìíràn. Àmín.